Awọ Tí Ìbídùnní Rẹ Sínú Àgbá

Ìgbà tí Adébùsóyè máa kọ́kọ́ rí Ìbídùnní, awọ màlúù tútù kan ni ọmọge náà dì mú. Ó ti ká ìró rẹ̀ sókè dé orúnkún, ó tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ gírígírí, ó sì ń sọ fún alápatà pé kò sí ẹni tí yóò gba awọ yẹn lọ́wọ́ òun láàárọ̀ ọjọ́ náà, àfi bí wọ́n bá gbé òun náà mọ́ ọn. Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ lẹ́yìn àwọn igi kòkó ní ìta Oǹdó. Ó ń tàn sí i lójú, kò sì lè fi ọwọ́ bojú, nítorí ọwọ́ méjèèjì ni ó fi di awọ mú.

Ta ni ó wá di apá kejì awọ náà mú? Adébùsóyè ni. Ẹ má tíì dá a lẹ́jọ́. Ó ti bá alápatà sọ ọ́ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ̀nà Àkúrẹ́ ni ó sì ti jí wá. Àṣé alápatà, ẹni tí kì í lè sọ fún ènìyàn pé rárá, ti fi awọ kan náà ṣèlérí fún ẹni méjì. Nígbà tí ó rí i pé ọ̀rọ̀ fẹ́ di fàá-ká-ja, ó kọjú sí ẹran tí ó ń kun, ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan.

"Brọ̀dá, ẹ fi í sílẹ̀," ni Ìbídùnní wí. "Pọ̀nmọ́ ni màmá mi fẹ́ fi ṣe. Kí ni ẹ̀yin fẹ́ fi ṣe?"

"Bàtà."

Ìbídùnní wò ó láti òkè délẹ̀. Ìdí pọ̀nmọ́ ni wọ́n bí i sí. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń sun ún níná, bí wọ́n ṣe ń fi abẹ ha á, bí wọ́n ṣe ń rẹ ẹ́ sómi tí yóò fi wú. Kò rí ẹni tí ó wọ oúnjẹ sẹ́sẹ̀ rí.

"Ẹ fẹ́ máa fi oúnjẹ tẹ ẹrẹ̀," ni ó sọ, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kí ó tó mọ̀.

Ẹ̀rín yẹn ni ó tú ọwọ́ Adébùsóyè. Ó dẹ awọ náà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí ọmọ ọlọ́mọ má baà ṣubú sẹ́yìn, ó bá a ká a, ó sì bá a gbé e sínú bárò tí ó tì wá. Ọwọ́ òfìfo ni ó bá padà sí Àkúrẹ́, ó sì ń súfèé lọ. Nígbà tí ó tún padà lọ lọ́sẹ̀ kejì, alápatà gbé awọ kan tí wọ́n ti ká dáadáa fún un. Ó ní ọmọge ọjọ́sí ni ó ní kí wọ́n fi ti òun sílẹ̀ fún brọ̀dá oníbàtà.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ń pàdé ní ibi ìgbéyàwó, àwọn kan ń pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àárín ẹ̀jẹ̀ àti ìgbẹ́ màlúù ni àwọn tiwa ti pàdé, inú wọn sì dùn bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Àkúrẹ́ ni Adébùsóyè. Kánò ni bàbá rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ títí tí ó fi kú, ibẹ̀ sì ni ọmọ ti kọ́ iṣẹ́ awọ lọ́wọ́ bàbá àgbàlagbà kan. Nígbà tí ó padà wálé, Èkìtì ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìpínlẹ̀ tirẹ̀ ni, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó jẹ́ ọmọ Èkìtì ń kó ẹrù wọn kúrò ní Àkúrẹ́, ìgboro sì dá díẹ̀. Kò rí ilé tí wọ́n á ti gbà á láàyè láti ṣe iṣẹ́ náà, nítorí òórùn. Àbúrò bàbá rẹ̀, Ọláwuyì, tí ó ń dáko ní Ọ̀dà nítòsí Àkúrẹ́, ni ó fún un ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ lẹ́bàá odò.

Ibẹ̀ ni Ìbídùnní lọ kí i. Ó parọ́ fún ìyá rẹ̀ pé òun fẹ́ lọ wo ọ̀rẹ́ òun kan ní Àkúrẹ́. Bí ó ti dé ẹ̀yìnkùlé, ó fi ọwọ́ bo imú. Adébùsóyè ní kí ó má ṣe dákú mọ́ òun lọ́wọ́, kò tíì sí ẹni tí òórùn náà pa. Ó mú un yíká àwọn àgbá rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni omi eérú àti ìyẹ̀fun funfun kan tí wọ́n ń kó wá láti Kánò, èyí tí ó máa ń jẹ irun kúrò lára awọ. Kẹ́míkà ni wọ́n ń pe ìyẹn, kò sì dára fún ẹnu. Òmíràn ni omi pupa tí wọ́n fi èèpo igi etí ọ̀sà ṣe, èyí tí wọ́n ń gbé wá láti Ìlàjẹ. Inú rẹ̀ ni awọ yóò sùn sí títí tí kò fi ní lè jẹrà mọ́ láyé.

Lẹ́yìn náà ni ó mú ọwọ́ Ìbídùnní, ó sì gbé e lé awọ kan tí ó ti parí. Awọ náà tutù, ó sì rọ̀ bí etí ọmọdé.

"Ti màlúù náà nìyí?" ni Ìbídùnní bi í.

"Òun náà ni. Sùúrù nìkan ni mo bù sí i." Kò gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí ọwọ́ ọmọge náà. "Ìbídùn, mo fẹ́ràn rẹ. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹnu dídùn sọ ọ́."

"Bí o ṣe sọ ọ́ yẹn náà ti tó mi," ni Ìbídùnní dáhùn. Ìgbà yẹn ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé òun ti mú ọwọ́ kúrò ní imú tipẹ́.

Ẹ wá jẹ́ ká dé Oǹdó, níbi tí wàhálà wà. Ìyá Ìbídùnní, Agnes ni orúkọ ìsàmì rẹ̀, ni àgbà onípọ̀nmọ́ ní ọjà wọn. Nígbà tí ó gbọ́ pé oníṣẹ́ awọ ni ọmọ òun fẹ́ fẹ́, ó jókòó, ó bú sẹ́kún. Ó ní ẹni tí ó ń ra awọ mọ́ òun lọ́wọ́, tí ó ń sọ oúnjẹ di sálúbàtà, ni yóò wá di àna òun. Olùkọ́ kan láti Ọ̀wọ̀ wà ní àdúgbò Ìjàpọ̀ ní Àkúrẹ́ tí ó ń bèèrè Ìbídùnní, ọmọlúwàbí tí ọwọ́ rẹ̀ ń ta òórùn ọṣẹ, kí ló ṣe ìyẹn?

Bàbá rẹ̀ tún le jù. Bàbá Akínsànyà, wolé-wolé ni ó ṣe títí tí ó fi fẹ̀yìntì. Gbogbo Oǹdó ni ó mọ̀ ọ́n nígbà náà. Bí ó bá yọ lọ́ọ̀ọ́kán, àwọn olóúnjẹ á sáré bo ìkòkò, àwọn onílé á gbá ẹ̀yìnkùlé. Ẹran tí ó ti bàjẹ́ tí ó ti dà sí kòtò kò lóǹkà. Ẹ mọ̀ pé àwa Yorùbá kì í fi ọmọ fún ẹni tí a kò ṣe ìwádìí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ni a sábà máa ń rán. Bàbá Akínsànyà kò rán ẹnikẹ́ni. Ó wọ ọkọ̀ lọ sí Ọ̀dà fúnra rẹ̀, ó bi àwọn aládùúgbò léèrè, ó yọ́ dé ẹ̀yìnkùlé, ó ṣí àgbá kan, ó sì tètè dé e padà.

Ó dé ilé, ó fọ ọwọ́, ó tún un fọ̀. Ó ní ìdílé wọn dára, kò sí olè níbẹ̀, kò sí wèrè. Àgbá wọn ni kò dára.

Ìbídùnní kò bá wọn jà. Ó kàn kọ̀ jálẹ̀ ni. Bí wọ́n bá dárúkọ olùkọ́ Ọ̀wọ̀, á ní kí Ọlọ́run fún un ní aya rere. Bí wọ́n bá ní kí ó wá jẹun, á ní òun ti yó. Nígbà tó yá, ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọnú, bàbá rẹ̀ sì ní kí ó sọ fún ọmọkùnrin náà kí àwọn ẹbí rẹ̀ wá fún mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́.

"Ṣùgbọ́n kí ó yé ọ o," ni bàbá wí. "Mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ kì í ṣe ìgbéyàwó. A lè mọ̀ wọ́n tán, ká má fún wọn lọ́mọ. Ọjọ́ yẹn ni màá sọ èyí tí mo bá fẹ́, mi ò sì ní tún un sọ."

Ìbídùnní wá ronú ohun kan tí ó máa tu ìyá rẹ̀ lójú. Gìgísẹ̀ ń dun màmá, gbogbo sálúbàtà ọjà ni ó ń họ ọ́ lẹ́sẹ̀. Òun á fi ọwọ́ ara òun ṣe awọ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, Adébùsóyè á fi rán sálúbàtà tí ó rọ̀, ìyá á sì mọ̀ pé iṣẹ́ náà kì í ṣe ẹ̀gbin. Ó ní kí Adébùsóyè wá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fún òun sínú àgbá kan lẹ́yìn ilé ìdáná wọn nígbà tí àwọn àgbà ti lọ sí ìsìn. Adébùsóyè ní rárá, kò dára kí èèyàn gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pamọ́ sí ilé tí wọ́n ti ń dáná. Ìbídùnní bẹ̀ ẹ́, ó pè é ní olówó orí òun, ọkùnrin náà sì gbà. Ẹ̀bẹ̀ obìnrin tí èèyàn fẹ́ràn, ta ló ń kọ̀ ọ́? Wọ́n fi pákó dé àgbá náà, Ìbídùnní sì sọ fún ará ilé pé omi ìfọṣọ ni.

Ọjọ́ Sátidé tí àlejò ń bọ̀, Ìbídùnní ti jí lọ dirun ní àdúgbò Yábà ní Oǹdó níbẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ìyá rẹ̀ wà nídìí iná. Ọbẹ̀ ti fẹ́ jinná, ṣùgbọ́n pọ̀nmọ́ tí ó wà nílẹ̀ kò lè kárí, àwọn alápatà kò sì pa màlúù tó bí wọ́n ṣe máa ń pa lọ́jọ́ yẹn. Ṣé kí àgbà onípọ̀nmọ́ wá gbé ọbẹ̀ tí kò ní pọ̀nmọ́ síwájú àlejò? Ó ní kí òun bu omi fọ ìkòkò, ó ṣí àgbá tí ó wà lẹ́yìn ilé ìdáná, ó sì rí awọ funfun báláú, tí kò ní irun kankan, tí ó ti wú dáadáa.

Màmá dúró, ó dọwọ́ bo ẹnu. Àṣé ọmọ òun ti rẹ pọ̀nmọ́ funfun pamọ́ de òní. Àṣé gbogbo agídí yẹn, kò gbàgbé iṣẹ́ ìyá rẹ̀. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó fà á jáde, ó fọ̀ ọ́. Ó ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ọṣẹ, nítorí náà ó tún un fọ̀, ó bọ̀ ọ́, ó da omi rẹ̀ nù, ó tún un bọ̀. Ìmọ́tótó rẹ̀ kò lẹ́gbẹ́, ẹni tí ó fi wolé-wolé ṣe ọkọ kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ kẹ̀? Lẹ́yìn náà ni ó gé e sínú ọbẹ̀.

Nígbà tí Ìbídùnní dé, wọ́n tì í mọ́ yàrá. Ọmọ tí wọ́n ń bèèrè kì í yọjú sí àlejò àfi tí wọ́n bá pè é. Ó ń gbọ́ òórùn ọbẹ̀ láti inú yàrá, ó sì ń yọ̀ pé ìyá òun ń kọrin nídìí iná.

Bọ́ọ̀sì àwọn ará Ọ̀dà dé. Ọláwuyì ni ó ṣíwájú wọn, wọ́n kí ara wọn, wọ́n gbàdúrà. Màmá fúnra rẹ̀ ni ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ jẹun, pé ẹni tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá kì í fi ebi sọ̀rọ̀. Ẹnu ya gbogbo wọn sí bí ara rẹ̀ ṣe yá gágá. Wọ́n bu ìrẹsì fún àwọn àgbà ṣáájú, ẹ̀yìn gbogbo wọn ni wọ́n bu ti Adébùsóyè, tí ó jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn.

Ó fi ọwọ́ kan pọ̀nmọ́ inú àwo rẹ̀, ó ń yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó gbé e sí imú. Kò sí pọ̀nmọ́ tí kò ní òórùn iná tàbí ojú abẹ lára, èyí kò sì ní ìkankan. Ó mọ awọ náà, òun ni ó da ìyẹ̀fun sí i.

Ó wo iwájú. Bàbá Akínsànyà ti jẹ ẹyọ kan, ó sì ń dùn mọ́ ọn lẹ́nu. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ inú Adébùsóyè fún yín. Ó rò ó pé kí òun dákẹ́. Bóyá wọ́n ti fọ̀ ọ́ dáadáa, bóyá kò ní ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Bí òun bá sì sọ ọ́, ta ni yóò fi ọmọ fún ẹni tí ó gbé kẹ́míkà wọ inú ilé wolé-wolé? Ìbídùnní wà nínú yàrá lọ́hùn-ún, ilẹ̀kùn kan péré ló wà láàárín wọn. Lẹ́yìn náà ni bàbá tún na ọwọ́ sí àwo.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ ẹ́ mọ́," ni Adébùsóyè wí, ó ti dìde dúró. "Kì í ṣe pọ̀nmọ́. Awọ tí mo fi kẹ́míkà sí ni. Èmi ni mo gbé e wọ ilé yín."

Ilé dàrú. Màmá gbé ọwọ́ lérí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè Oǹdó bi Ọlọ́run léèrè ohun tí òun ṣe. Ojú ti Ọláwuyì débi pé ó ń sọ ọ́ ṣáá pé kí àwọn máa lọ ulé, bí wọ́n ṣe ń pe ilé lọ́dọ̀ wọn. Ìgbà náà ni ilẹ̀kùn yàrá ṣí, Ìbídùnní sì jáde láìwé gèlè, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é. Ó kúnlẹ̀ síwájú ìyá rẹ̀. Ó ní òun ni òun bẹ Adébùsóyè, òun ni òun rẹ awọ náà sínú àgbá, òun fẹ́ fi ṣe sálúbàtà fún gìgísẹ̀ màmá ni.

Bàbá Akínsànyà nìkan ni kò pariwo. Ó gbé ẹyọ kejì kalẹ̀. Ó ní kí wọ́n kó gbogbo àwo, kí wọ́n da ọbẹ̀ sí kòtò, kí ẹni tí ó bá ti jẹ nínú rẹ̀ jáde síta. Òun ti jẹ, ìyàwó òun náà ti tọ́ ọ wò nídìí iná. Ẹlòmíràn kò tíì fi kan ẹnu. Bọ́ọ̀sì àwọn ará Ọ̀dà náà ni gbogbo wọn wọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn, ẹbí ìyàwó àti ẹbí ọkọ fún ara wọn pọ̀.

Dókítà, obìnrin kan láti Òkìtìpupa, bi Adébùsóyè ní ìbéèrè lórí ìyẹ̀fun náà. Ó sọ gbogbo rẹ̀, kò bo nǹkan kan. Wọ́n mú bàbá àti màmá wọlé, àwọn tó kù sì jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Adébùsóyè fi ẹ̀yìn ti ògiri. Ìbídùnní lọ dúró tì í.

"Bí nǹkan kan bá ṣe wọ́n, mi ò ní lè dárí ji ara mi," ni Adébùsóyè wí. "Ìwọ náà kò sì gbọ́dọ̀ dárí jì mí."

"Àwa méjèèjì la jọ ṣe é," ni Ìbídùnní dáhùn. "Má dá nìkan rù ú." Ó fi ọwọ́ rẹ̀ sínú ọwọ́ ọkùnrin náà lójú gbogbo ẹbí, kò sì bìkítà.

Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí dókítà jáde, ẹ̀rín wà lójú rẹ̀. Ó ní ọ̀nà ọ̀fun wọn mọ́, inú wọn kò le, kò sí ohun tó ń dùn wọ́n. Fífọ̀ tí màmá fọ̀ ọ́ àti omi tí ó dà nù ti kó ohun tí ì bá ṣe wọ́n lọ. Kí wọ́n mu omi dáadáa, kí wọ́n sì máa lọ sílé ní àlàáfíà. Ọláwuyì ní ọpẹ́ ni fún Olúwa, ó sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún. Ìbídùnní sunkún, ó rẹ́rìn-ín, ó tún sunkún. Ara tu gbogbo wọn débi pé àwọn aláìsàn tí kò mọ̀ wọ́n rí ń bá wọn dúpẹ́.

Bàbá Akínsànyà jáde, ó jókòó, ó sì pe Adébùsóyè. Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì.

"Ṣé o mọ̀ pé bí o bá sọ̀rọ̀, o lè pàdánù ọmọ mi?"

"Mo mọ̀, sà."

"Kí ló wá dé tí o sọ ọ́?"

"Ẹ ti fẹ́ mú ẹyọ kejì, sà."

Bàbá wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Gbogbo ọdún tí mo fi ń wọlé onílé kiri," ni ó wí, "wọ́n búra fún mi pé ẹran tí ó ti ń rùn, àná ni wọ́n pa á. Wọ́n gbé ìkòkò sá mọ́ mi lójú. Kò sí ẹnì kan ṣoṣo tí ó sọ fún mi rí pé, bàbá, èyí kò dára, ẹ má jẹ ẹ́. Èmi ni mo máa ń wá a rí. Ìwọ ni ẹni àkọ́kọ́." Ó yí ojú sí Ọláwuyì. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti gbàgbé ohun tí ẹ bá wá ni?"

Ọláwuyì dìde, ó tún agbádá rẹ̀ ṣe. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn níbẹ̀ ni ó ti sọ pé àwọn rí òdòdó kan tí ó wu àwọn nínú ọgbà ìdílé Akínsànyà, àwọn sì wá tọrọ rẹ̀. Àwọn aláìsàn ní àmín. Nọ́ọ̀sì kan tí ó gbé bàsíà lọ́wọ́ dúró láti gbọ́ ìdáhùn.

Bàbá Akínsànyà pe ọmọ rẹ̀. "Ìbídùnní, ṣé o mọ ọkùnrin yìí?"

"Mo mọ̀ ọ́n, bàbá mi."

"Ó dára. Àwa náà ti mọ̀ ọ́n lónìí. Mo fún un." Ó ní ti awọ tí wọ́n gbé pamọ́ sí ilé òun, òun kò tíì dárí ìyẹn jì wọ́n. Kí wọ́n wá bẹ òun lọ́la.

Gbogbo ojú wá bọ́ sára màmá, tí kò tíì fọwọ́ sí i. Màmá nu ojú, ó ní ebi ń pa òun, ó sì dájú pé ebi ń pa gbogbo èèyàn, nítorí inú kòtò ni oúnjẹ àlejò wà. Ó rán ni sí ẹnu géètì, wọ́n ra búrẹ́dì àti àkàrà wá. Ó gé búrẹ́dì náà. Bàbá na ọwọ́, Ọláwuyì na ọwọ́, àwọn àgbà Ọ̀dà na ọwọ́. Màmá gbé e kọjá lórí ọwọ́ gbogbo wọn, ó gbé e dé ọ̀dọ̀ Adébùsóyè tí ó ṣì wà nílẹ̀.

"Ọmọ mi," ni ó wí, "gbà, jẹun."

Adébùsóyè fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ó sì jẹ ẹ́ tán.